Iyọ̀ Inú Ògiri: Ìdí Tí Ọ̀dà Tuntun Kì Í Fi Í Pẹ́ Lára Ilé Títà ní Mowé àti Ìbafọ̀

Ìkìlọ̀ omíyalé máa ń jáde ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bó bá ti jáde, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìṣẹ́rí, Warewa àti Arepo ni ojú gbogbo èèyàn máa ń lọ, nítorí etí odò Ògùn ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n bá sì ti ṣí omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, ẹ̀rù wọn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n omi mìíràn wà tí kì í dé inú ìròyìn. Kì í ya wọlé, kì í gbé mọ́tò lọ. Ìsàlẹ̀ ògiri ló ti ń gòkè ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òun ló sì ń jẹ owó àwọn tó fẹ́ ta ilé ní Mowé, Ìbafọ̀ àti Ifọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fura.

Ẹni tó fẹ́ ta ilé tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀dà ló kọ́kọ́ máa ń rà. Wọ́n á kun ilé, ilé á dán, éjẹ́ǹtì á ya fọ́tò. Òjò á rọ̀ fún oṣù méjì. Kó tó di pé oníbàárà kẹta wá wo ilé, ìsàlẹ̀ ògiri pálọ̀ ti wú, ọ̀dà ti ń ṣí bí èépá, ohun funfun kan bí ìyẹ̀fun sì ti ń já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Oníbàárà á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka kàn án, á wo ìka rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni iye owó ilé ti ń já wálẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹni tó bá ti tan àtùpà rí ti mọ ìdajì ìdáhùn. Ìsàlẹ̀ ni kẹrosíìnì wà, òkè ni iná ti ń jó, òwú ló sì ń fa epo náà gòkè láìsí ẹni tó ń tì í. Bùlọ́ọ̀kù náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú ń wò ó bí òkúta, ṣùgbọ́n iyanrìn àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n pò pọ̀ ni, àwọn ihò tín-ín-tìn-ín ló sì kún inú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1718, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ James Jurin ṣàlàyé pé bí ihò bá ṣe tín-ín-rín tó ni omi ṣe ń gòkè tó nínú rẹ̀. Nínú ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 2, omi kò lè gòkè ju sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ. Tí ihò náà bá jẹ́ mìlímítà 0.2, á tó sẹ̀ǹtímítà 15. Tó bá jẹ́ 0.02, mítà kan àbọ̀ ni. Ara ògiri kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀ ṣá, torí afẹ́fẹ́ ń gbẹ omi náà lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí àbàwọ́n náà fi sábà máa ń dúró níbi orúnkún tàbí ìbàdí èèyàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: kì í ṣe omi gan-an ló ń ṣí ọ̀dà. Iyọ̀ ni. Omi tó ń gun ògiri kì í gòkè lọ́wọ́ òfo, ó ń tú iyọ̀ inú ilẹ̀, ti inú iyanrìn àti ti inú sìmẹ́ńtì, ó sì ń rù ú lọ. Nígbà tí omi bá gbẹ, iyọ̀ á kù sẹ́yìn, á dì, á wú, á sì ti ọ̀dà kúrò lára ògiri. Ọ̀dà olówó ńlá kò sàn ju ti pọ́ọ́kú lọ níwájú rẹ̀. Àwọn kan máa ń lẹ táìsì mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri kó lè bò ó. Omi tí kò rí ọ̀nà gbẹ mọ́ níbẹ̀ á kàn gun òkè sí i, á sì yọ lórí táìsì.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí ọdún 1875 ni òfin ìlera ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fún ohun tí omi kò lè gbà kọjá nísàlẹ̀ ògiri, èyí tí àwọn bíríkìlà wa ń pè ní DPC. Níbí, owó ọwọ́ ló sábà ń pinnu bí ìsàlẹ̀ ilé ṣe máa rí, torí ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ èyí tí onílé ń kọ́ díẹ̀díẹ̀: German floor (kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé) lónìí, ìdúró ọdún méjì, kí wọ́n tó tún mọ sókè. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá 10,000 náírà, kí ìjọba àti àwọn tó ń ṣe é tó fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, sìmẹ́ńtì inú bùlọ́ọ̀kù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dín kù, bó bá sì ṣe ń dín ni ihò ṣe ń pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní àríyànjiyàn tirẹ̀ o. Jeff Howell, bíríkìlà tó di olùkọ́ ní yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù, mọ òpó bíríkì sínú omi láti wò ó, ó sì ní omi náà kò gòkè tó bí wọ́n ṣe ń pariwo. Ó kọ ìwé The Rising Damp Myth lé e lórí. Àwọn mìíràn kò gbà fún un. Lójú akọ̀ròyìn yìí, ọ̀pọ̀ ògiri tó ń mumi ní agbègbè wa kò rí i láti inú ilẹ̀ nìkan. Páànù tí kò yọ síta tó ń jẹ́ kí òjò máa ta sára ògiri, páìpù balùwẹ̀ tó ń jò, erùpẹ̀ tí wọ́n kó ti ara ilé, títì tí wọ́n gbé ga ju ilé lọ: ó jọ pé àwọn wọ̀nyí ló ń dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí sì dára fún ẹni tí kò lówó, torí ṣọ́bìrì lè yanjú púpọ̀ nínú wọn.

Kí onílé kọ́kọ́ gé ọ̀rá kan, kó fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi wà. Bó bá jẹ́ iwájú ló tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yàrá ni. Kó ṣí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni kó kó erùpẹ̀ kúrò lára ilé, kó la gọ́tà, kó dí ibi tó ń jò, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbá iyọ̀ náà dànù. Kó má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi á tún tú u padà sínú ògiri. Kó wá dúró. Ìlànà àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ògiri fi nǹkan bí oṣù kan gbẹ fún gbogbo mìlímítà 25 ìnípọn rẹ̀. Oòrùn tiwa lè mú un yá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì kò lè tó. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní oṣù Kọkànlá, tó jẹ́ kí ọyẹ́ bá òun gbẹ ògiri, lè kun ilé rẹ̀ ní oṣù Kejì, bí ògiri bá ti gbẹ dáadáa.

Owó tó bá ṣẹ́kù, ìwé ilé ni kó lọ bá, ó ṣe tán, ìwé ni oníbàárà Mowé ń bèèrè kó tó bèèrè yàrá. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní ilé títà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, pé òfin náà kan ẹni tó ti ní ilẹ̀ rẹ̀ ṣáájú 1978 pàápàá.

Bí ògiri bá ṣì ń mumi lọ́jọ́ tí oníbàárà dé, kí onílé sọ ọ́, kó sì yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tó ń pè. Ẹni tó bá ti gbé ní Ìbafọ̀ fún òjò méjì kò ní bèèrè rárá. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ni yóò fà yọ, tí yóò fi ha ìsàlẹ̀ ògiri náà wò.