Ẹ má jẹ́ kí 100% tàn yín: ìwúlò sìkírínì kékeré nínú mọ́tò oníná

Ẹ̀yin ará wa ní Peckham, Camberwell, Old Kent Road àti káàkiri South London, ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná la fẹ́ sọ lónìí, ìyẹn mọ́tò tí kò mu bẹntiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ pé iná mànàmáná là ń ki bọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé gbogbo wa kàn ṣàdéédéé fẹ́ràn rẹ̀. ULEZ ló lé ọ̀pọ̀ nínú wa débẹ̀. October 25, 2021 ni wọ́n fa ààlà ULEZ dé South Circular, tí Peckham fi bọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tó di August 29, 2023, gbogbo London ló ti wọ̀ ọ́. Mọ́tò àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ bá ju òdiwọ̀n lọ, £12.50 ló ń san lójúmọ́ tó bá jáde. Ní ti àwọn tó ń ṣe minicab, láti January 1, 2023 ni TfL ti pàṣẹ pé mọ́tò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ lè rìn dé ìwọ̀n kan láìtú èéfín rárá. Bí Leaf àti Tesla ṣe di mọ́tò tí à ń rí níwájú ilé ara wa nìyẹn.

Ìbéèrè tó wá ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé: ṣé ó dára kí èèyàn ra sìkírínì kékeré tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì so ó mọ́ iwájú awakọ̀? Ìdáhùn wa ni pé ó dára fún ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ kí ó sọ fún òun. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe fáàrí, wàhálà ló fi owó rà.

Mọ́tò wo ló nílò rẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí pín sí. Èkínní ni ti Tesla Model 3, tó wọ ilẹ̀ yìí ní 2019. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ á máa wá dáṣíbọ́ọ̀dù kiri, torí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn steering. Sìkírínì ńlá kan ṣoṣo ló wà láàárín mọ́tò, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ eré tí mọ́tò ń sá sí, ní igun tó sún mọ́ awakọ̀. Ojú gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kí èèyàn tó mọ̀ bóyá 20 lòun ń sá tàbí 26. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń ta sìkírínì tóóró tó ń jókòó sẹ́yìn steering, tó ń fi eré, ṣáàjì àti àmì yíyà hàn níbi tó ti mọ́ awakọ̀ lára láti wò.

Èkejì ni ti Nissan Leaf, pàápàá àwọn tó ti pẹ́. Leaf ní dáṣíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, àmọ́ kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà níbí ní 2011 kò tilẹ̀ kọ iye ṣáàjì ní %. Ìlà 12 ni wọ́n tò síbẹ̀, èèyàn á sì máa ka ìlà bí ẹni ń ka ọjọ́ oṣù. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn kọ %, ṣùgbọ́n % yẹn gan-an ni ká ṣọ́ra fún.

Kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀

Ẹ rántí kóńgò gààrí inú ọjà. Ẹni tó ń tà á lè bù ú kún dẹ́múdẹ́mú, kó tún fi ọwọ́ gbé orí lé e. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi òòlù lu ìdí kóńgò náà wọnú, kíkún rẹ̀ kò ní kí gààrí pé. Bí bátìrì mọ́tò tó ti gbó ṣe rí nìyẹn. Ẹ kì í mọ́ iná di ààjìn, ilẹ̀ mọ́, ó kọ 100%. Irọ́ kọ́, ó kún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 100% ohun tó kù ni, kì í ṣe 100% ohun tó ní nígbà tó wà ní tuntun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Leaf 24 kWh ti 2011, máìlì 73 ni àjọ EPA ti Amẹ́ríkà kọ sí i nígbà tó wà ní tuntun. Tí bátìrì rẹ̀ bá ti gbó dé 70%, ó ku bíi 51. Láti Peckham dé Gatwick, níbi tí Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn wa dé láti Lagos ní March 30, 2024, tó bíi máìlì 25 ní àlọ nìkan. Ẹ wá ro ti ẹni tó ń lọ gbé Màmá rẹ̀ lóru ọ̀gìnnìtìn, tí hítà ń jó, tí ẹ̀lùbọ́ àti gààrí kún búùtù. Àlọ àti àbọ̀ ti jẹ gbogbo ṣáàjì tán. Màmá á ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí mọ́tò yìí ń wọ́ bí ìgbín?" Ọmọ á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà, a ti fẹ́ dé," àyà tirẹ̀ á sì máa já.

Tí bátìrì Leaf bá ti fẹ́ tán pátápátá, àwòrán ìjàpá kan á tàn níwájú awakọ̀, mọ́tò á sì dín agbára rẹ̀ kù. Inú àlọ́ ló yẹ ká ti máa bá ìjàpá pàdé, kì í ṣe lórí M23 lóru.

Lóòótọ́, Leaf ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ 12 mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ṣáàjì, tó ń sọ bí bátìrì ṣe gbó tó. Ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ kì í lọ àfi tí bátìrì bá ti pàdánù bíi 15%. Ẹni tó bá rí ìlà 12 pé pérépéré lè rò pé ara rẹ̀ le koko. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bí sìkírínì náà ṣe ń mọ̀

Nínú mọ́tò òde òní, àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké pọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì tí wọ́n ń pè ní CAN bus. Ó dà bí ilé alájọgbé: ẹnu kì í dákẹ́, ẹni tó bá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ á gbọ́ ti gbogbo yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ihò OBD, ihò oníhò 16 tí mẹkáníìkì máa ń ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀. Nínú Leaf, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, níwájú orúnkún awakọ̀. Ẹ ó ki ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ELM327 síbẹ̀, òun náà á sì fi Bluetooth ránṣẹ́ sí fóònù yín, níbi tí app LeafSpy á ti tú ọ̀rọ̀ náà sí nọ́ńbà. Ayédèrú ELM327 pọ̀ lọ́jà o. Àwọn kan wà tí wọn kì í bá Leaf sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ bi ẹni tó ti lo irú rẹ̀ rí kí ẹ tó rà á. Ní ti Model 3, kò ní ihò OBD bí àwọn mọ́tò yòókù. Ẹ̀yìn àpótí àárín, níwájú àwọn tó jókòó sẹ́yìn, ni wọ́n ti máa ń fi wáyà àtọwọ́dá mú ọ̀rọ̀ náà.

Nínú gbogbo nọ́ńbà tí ẹ ó rí, mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. SOC ni iye ṣáàjì tó wà nínú bátìrì báyìí. SOH ni bí bátìrì ṣe gbó tó; òun ló ń tú àṣírí ìdí kóńgò. Ẹ̀kẹta ni ìyàtọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Inú bátìrì Leaf pín sí ọ̀wọ́ 96 tí wọ́n so tẹ̀ léra. Bí èèyàn 96 bá so okùn mọ́ra wọn ní ìdí tí wọ́n ń rìn, ẹni tí kò lókun jù ló ń pinnu ibi tí wọ́n máa dúró. Tí ọ̀kan bá ti ń já sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, mọ́tò lè kú nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì ń sọ pé ṣáàjì kù.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Ní April 1, 2024, Nissan pa app fóònù tí àwọn Leaf tí wọ́n ṣe ṣáájú 2016 ń lò nílẹ̀ yìí, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G tó gbára lé ń kógbá wọlé. Ẹ̀rọ inú ihò OBD kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan.

Ohun tí òfin sọ

Ìlànà ọkọ̀ ti 1986, abala 109, ló dá sí ọ̀rọ̀ sìkírínì tí awakọ̀ lè rí. Nǹkan mẹ́rin péré ló gbà kó fi hàn: bí mọ́tò ṣe wà, ibi tí mọ́tò wà, ojú ọ̀nà tó yí mọ́tò ká, àti ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ. Ṣáàjì àti ìlera bátìrì bọ́ sábẹ́ èkínní. Fíìmù Nollywood kò sí níbẹ̀ o, ì báà jẹ́ inú gó-sílóò.

Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń wò ó, inú ohun ìgbéfóònù ni kó wà. Láti March 25, 2022, òfin ti le sí i: ẹni tó bá mú fóònù lọ́wọ́ tó ń wa mọ́tò, ì báà dúró síbi iná tráfíìkì, £200 àti póìǹtì 6 ni. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba láísẹ́ǹsì, láísẹ́ǹsì náà lọ nìyẹn.

Ju òfin lọ, ẹ ro ti ẹ̀mí. Ọ̀pọ̀ títì ní Southwark, 20 ni eré wọn. Ní 20, mọ́tò ń rìn bíi mítà 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá wo sìkírínì fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ẹ ti rin mítà 18 láìwo títì, ó gùn ju bọ́ọ̀sì alájà méjì kan àtààbọ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé: ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ọmọ tó ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti wo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí mọ́tò dúró. Tí ẹ bá ti gbéra, ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ lójú sìkírínì, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù lálẹ́.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Ẹ má gbé e sí ojú gíláàsì níbi tí ẹ ti ń wo títì. Níwájú awakọ̀ gan-an, níbi tí wiper ń nù, ohun tó bá dí ju mílímítà 10 lọ lè mú kí mọ́tò fìdí rẹmi nínú MOT.

Ẹ má gbé e sí ojú airbag. Ẹ sì má gba wáyà gba ẹ̀gbẹ́ òpó iwájú láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ní airbag ẹ̀gbẹ́ orí níbẹ̀. Tó bá bú jáde, sìkírínì yín á di òkúta tí wọ́n sọ lu yín lójú.

Ẹ má jẹ́ kí wáyà sọ̀ kalẹ̀ síbi ẹsẹ̀. Wáyà tó bá lọ́ mọ́ bíréèkì kò ní ẹ jọ̀ọ́.

Wáyà tó bá ní àwọ̀ ọsàn nínú mọ́tò oníná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iná inú rẹ̀ pọ̀ tó láti pa èèyàn. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ ti ibẹ̀ fa iná sìkírínì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ihò OBD kì í kú iná, kódà tí mọ́tò bá sùn. Ẹ̀rọ tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ lè máa mu bátìrì kékeré 12V díẹ̀díẹ̀, tí èyí bá sì kú, mọ́tò kò ní ṣí, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún. Ẹ yọ ọ́ tí ẹ bá ti dé ilé. Yíyọ ọ́ tún dáàbò bo mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó lè dúró síta kó fi Bluetooth wọlé.

Ìńṣọ́ránsì àti mọ́tò elòmíràn

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì yín kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ wáyà mọ́tò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé èrò. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi sí i, kí ẹ sì gba èsì ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ lè rí i lọ́jọ́ ìjàǹbá pé wọ́n ń wá ìdí tí wọn kò fi ní sanwó. Tó bá jẹ́ pé ẹ yá mọ́tò PCO ni, mọ́tò kì í ṣe tiyín. Ẹ bi ẹni tó ni ín. Bí gárańtì Tesla bá ṣì wà lórí, ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà.

Ìlò tó dára jù

Lójú tiwa, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ra mọ́tò àlòkù gan-an ni ẹ̀rọ yìí wúlò jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ń ṣe iṣẹ́ kéè, tí wọ́n ń ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn lóru, Leaf àlòkù lowó wọn ká. Ẹ mú ELM327 dání, kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ ki í bọ̀ ọ́, kí ẹ wo SOH kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ẹ má yẹ ìdí kóńgò òun wò, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ dílà lẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òfin Consumer Rights Act 2015 fún yín ní 30 ọjọ́ láti dá mọ́tò padà tí kò bá rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ tàbí tí kò dára tó bó ṣe yẹ. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ti ara rẹ̀, ààbò yín kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú.

Ẹ rántí pé sìkírínì kò fi máìlì kan kún bátìrì. Ohun tó wà níbẹ̀ náà ló máa sọ fún yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ máa yà síbi ìgbaṣáàjì lọ́nà tàbí ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ pàdé Màmá. Gbogbo àlọ àti àbọ̀ yín á já sí ayọ̀ o.