Orúkọ tó ṣẹ́kù lórí òkè

Mo dé Gap of Dunloe ní Kerry, ilẹ̀ Ireland. Ọ̀nà tóóró ni, láàárín òkè MacGillycuddy's Reeks àti Purple Mountain. Yìnyín ayé àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ. Àwọn àlejò ń fẹsẹ̀ rìn ín. Orókún tèmi ò gbà, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin.

Mo bi awakọ̀ wa pé kí ni Dunloe túmọ̀ sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nílé àwọn. Lédè Irish, Dún Lóich ni: dún ni ilé olódi, Lóich sì jẹ́ orúkọ olóhun. Ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì mú ìró, ó fi ìtumọ̀ sílẹ̀. Báyìí náà ni wọ́n ṣe kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya máàpù Ireland ní 1824.

Nítòsí ibẹ̀ ni àwọn òkúta ogham wà, ìlà tí wọ́n fín sí etí òkúta, àkọsílẹ̀ èdè Irish tó pẹ́ jù. Kí ló wà lára wọn? Orúkọ èèyàn ni o!

Mo rántí àwọn ọmọ-ọmọ mi ní London. Wọ́n ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ẹ bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn náà á rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pè wọ́n lórí fóònù. Orúkọ la fi bẹ̀rẹ̀.