Ilé-Ìwé Ni Tàbí Ẹgbẹ́ Alárìnkiri? Ẹ Ṣọ́ Apá Ọmọ Tí Ń Ju Bọ́ọ̀lù

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ wọn sì ti kọ́ eré àwọn ará ibẹ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni béésíbọ́ọ̀lù: ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, ẹnì kejì a fi igi gbá a. Ìbéèrè tí ń da òbí láàmú níbẹ̀ ni pé, ṣé ẹgbẹ́ ilé-ìwé girama ni kí ọmọ bá ṣeré, àbí ẹgbẹ́ alárìnkiri, èyí tí òbí ń sanwó fún, tí ń lọ láti ìlú dé ìlú? Ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ olótùútù bíi Minnesota àti Michigan, yìnyín a máa wà lórí pápá wọ oṣù kẹta, nígbà mìíràn wọ oṣù kẹrin. Nígbà tí pápá bá gbẹ, eré ilé-ìwé a wá di àkànpọ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ parí nínú oṣù kẹfà. Ìgbà ooru ni ti ẹgbẹ́ alárìnkiri. Níbẹ̀ ni àwọn olùkọ́ni yunifásítì ti ń wá ọmọ tí ó mọ eré ṣe, nítorí ẹgbẹ́ tiwọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ní ìgbà ìrúwé. Èrè ti ilé-ìwé ni pé owó rẹ̀ kéré, ọmọ kì í jìnnà sílé, bí kò bá sì ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́, a lè dá a dúró.

Ẹ̀rù a máa ba òbí pé ọmọ ilẹ̀ olóoru ń ṣeré yípo ọdún, yóò sì fi ọmọ tiwọn sẹ́yìn. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwádìí lórí àwọn ajùbọ́ọ̀lù tí ó dé ẹgbẹ́ ńlá fi hàn pé àwọn tí ó ṣe girama ní ilẹ̀ olóoru ni a ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbọ̀nwọ́ fún jù, ó sì tètè ń kàn wọ́n. Òtútù ń fún apá ní ìsinmi. Joe Mauer, ọmọ St. Paul ní Minnesota, ṣe eré mìíràn mọ́ béésíbọ́ọ̀lù ní girama. Síbẹ̀ òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń yan ọ̀dọ́ ní 2001.

Kí ni ó ń ba apá jẹ́? Iṣan líle kan wà ní ìgbọ̀nwọ́ tí ó so egungun apá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ìgbà gbogbo tí ọmọ bá fi agbára ju bọ́ọ̀lù ni iṣan yìí ń fà. Bí kò bá rí ìsinmi, a máa gbó bí okùn kànga, títí yóò fi já. Ní 1974, Dókítà Frank Jobe mú iṣan láti apá kejì Tommy John, ó fi tún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó padà ṣeré ní 1976. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún lè jókòó fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń padà bọ̀ sípò.

Láti 2014 ni àwọn alákòóso eré náà ti fi òṣùwọ̀n lélẹ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 16 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju 95 lọ lójúmọ́; ọmọ ọdún 17 àti 18, 105. Bí ọmọ ọdún 15 tàbí 16 bá ju 76 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sinmi ọjọ́ 4. Láti 2017, àwọn ìpínlẹ̀ náà ti ní òfin iye jíjù fún eré girama.

Ẹ wá wo ibi tí ewu wà. Olùkọ́ni kọ̀ọ̀kan ń ka tirẹ̀ nìkan. Bí ọmọ bá ju 70 fún ilé-ìwé ní Ọjọ́bọ̀, tí ó tún ju 60 fún ẹgbẹ́ alárìnkiri ní Sátidé, ìwé méjèèjì yóò mọ́, ṣùgbọ́n apá kan náà ni ó jù ú. Òbí nìkan ni ó lè ro ó pọ̀.

Ìmọ̀ràn mi nìyí:

1. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe ti ilé-ìwé tán kí ó tó bọ́ sí ti alárìnkiri. Kí ó má ṣe méjèèjì pọ̀. Ìpínlẹ̀ mìíràn tilẹ̀ fi òfin dè é.

2. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ iye tí ó jù àti ọjọ́ rẹ̀.

3. Kí apá sinmi jíjù fún oṣù 4 lọ́dún, kí 2 tàbí 3 nínú rẹ̀ tẹ̀ léra. Ìgbà yìnyín dára fún èyí.

4. Lẹ́yìn ìsinmi, kí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí òtútù bá mú, kí ó sáré títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná kí ó tó jù, kí ó sì wọ aṣọ alápá gígùn.

5. Bí apá bá rẹ̀ ẹ́, kí ó dáwọ́ dúró. Ìwádìí kan rí i pé ewu iṣẹ́ abẹ fi ìlọ́po 36 pọ̀ sí i fún ọ̀dọ́ tí ń fi apá tí ó rẹ̀ jù ú nígbà gbogbo. Bí inú ìgbọ̀nwọ́ tàbí èjìká bá ń dùn ún, ẹ má fún un ní oògùn ìrora kí ó lè ṣeré; ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹgbẹ́ tí olùkọ́ni rẹ̀ bá ń bínú nítorí pé ẹ béèrè iye jíjù ọmọ yín, ẹ yọ ọmọ yín níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ilé-ìwé, ìbáà jẹ́ ti alárìnkiri. Eré yóò tún wà lọ́dún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n apá kì í hù bí ewé. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.