Òṣogbo Tó Ń Ṣọ́ Iná Nàìjíríà, àti Iná Oòrùn Tó Ń Bọ̀

Bí iná bá lọ ní Iléṣà, NEPA ni àwọn èèyàn ń bá wí. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé ìtòsí wọn, ní Òṣogbo, ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà.

Ibùdó iná Kainji ló fà á tó fi jẹ́ Òṣogbo. Ẹ̀rọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Odò Ọya ní 1968, wáyà 330kV tó ń gbé iná rẹ̀ wá sí Èkó sì gba Jẹ́bà àti Òṣogbo kọjá. Òṣogbo di ìkòríta wáyà. Ibẹ̀ ni ibùdó ìdarí wà títí dòní, lábẹ́ NISO, àjọ tí wọ́n yọ jáde ní 2024 lára TCN, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná káàkiri Nàìjíríà.

Nọ́ńbà kan ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru: 50. Ìyẹn ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó sì ń bọ̀ nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwọn èèyàn bá ń lò ju ohun tí àwọn ẹ̀rọ ń pèsè lọ, nọ́ńbà náà á wálẹ̀. Bí wọ́n bá ń lò kéré, á gòkè. Òṣogbo á pe ibùdó iná kan lórí fóònù pé kó fi kún iná tó ń pèsè, á ní kí ilé-iṣẹ́ apíniná kan dín tirẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ńlá kan bá kú lójijì, àyè fóònù dà? Irin wúwo tó ń yí nínú ẹ̀rọ àwọn ibùdó iná bíi Kainji, Jẹ́bà àti Ẹ̀gbin ló ń gbani: kò lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà, agbára yíyí rẹ̀ ń wọ inú wáyà fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Nígbà mìíràn, kò tó. Ní oṣù Kẹwàá 2024, gírìdì, ìyẹn àpapọ̀ wáyà àti ẹ̀rọ iná Nàìjíríà, dojú dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Iná oòrùn kò ní irin tó ń yí. Ínfátà ló ń sọ iná pánẹ́ẹ̀lì di èyí tí gírìdì lè gbé, èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn sì ń jó sí ìlù 50 tí ẹlòmíràn ń lù: bí ìlù bá dá, òun náà á já ara rẹ̀ kúrò. Ìpínlẹ̀ South Australia rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2016, ìjì wó òpó iná wọn, ètò inú àwọn ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn pèsè iná, tí àwọn náà ń lo ínfátà, mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn dín iná kù lójijì, gbogbo ìpínlẹ̀ náà sì ṣókùnkùn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé bátìrì 100MW kalẹ̀ ní Hornsdale. Ní 2022, wọ́n ti tún ínfátà rẹ̀ ṣe débi tó fi ń lu ìlù fúnra rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ irin wúwo yẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa, àdéhùn oòrùn ńláńlá tí ìjọba tọwọ́ bọ̀ ní 2016 rì sínú àríyànjiyàn lórí iye owó iná. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa ní Pọ́bẹ̀, ní Bẹ̀nẹ̀, ti ní ibùdó oòrùn 25MW ní Illoulofin láti 2022, wáyà Ìkẹjà sí Sakété sì ti so orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀ láti 2007. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 2025, fún wákàtí mẹ́rin, gírìdì Nàìjíríà àti ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ rìn lórí 50 kan náà.

Nítorí náà, kí wọ́n má tún tọwọ́ bọ àdéhùn oòrùn ńlá kankan tí kò ní bátìrì àti ínfátà tó lè lu ìlù fúnra rẹ̀ nínú. Ìkòríta wáyà ní Òṣogbo sì ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.