Ebi Tó Ní Oṣù Tirẹ̀ ní Òkè Karnali

Ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Nepal, níbi tí àwọn òkè Himalaya ti pààlà pẹ̀lú Tibet, ni ìpínlẹ̀ Karnali wà. Nínú ìpínlẹ̀ méje tí òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2015 pín Nepal sí, òun ló fẹ̀ jù, òun náà sì ni èrò rẹ̀ kéré jù: nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 ni wọ́n nígbà ìkànìyàn ọdún 2021. Bí ìròyìn Karnali bá dé etí àwọn ará Kathmandu, ọ̀rọ̀ ìyàn ni lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ìjọba sì ń ṣe sí i láti bí àádọ́ta ọdún wá kò yí padà: ẹ kó ìrẹsì sínú bàálù. Mi ò sọ pé ìrẹsì yìí kò wúlò. Ó ti gba ẹ̀mí là lọ́dún tí nǹkan le. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ìrẹsì bàálù wo Karnali sàn lọ́dọọdún ti gbà pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà ń mú oúnjẹ jáde. Oṣù mélòó kan nínú ọdún ni oúnjẹ kì í sí, gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ ló mọ àwọn oṣù náà tẹ́lẹ̀, orí àwọn oṣù yẹn ló sì yẹ kí owó ìjọba máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọdún ṣe ń yí ní àgbègbè Humla àti Jumla, tó wà ní Karnali. Nínú Oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá ni àgbẹ̀ ń gbin báálì àti àlìkámà. Yìnyín á bo ilẹ̀, irúgbìn á wà lábẹ́ rẹ̀ títí òtútù á fi rọlẹ̀, kò sì ní í ṣeé kórè kó tó di nǹkan bí Oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà. Bí ilẹ̀ bá ti móoru ni wọ́n á gbin ẹ̀wà, pòtétò, phapar tí hóró rẹ̀ ní igun mẹ́ta, àti oríṣi jéró mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní kodo, chino àti kaguno. Àwọn wọ̀nyí ló ń délé ní nǹkan bí Oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Àká á kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, á sì gbẹ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kíní láti bí Oṣù Kẹta títí báálì á fi gbó, lẹ́ẹ̀kejì láàárín Oṣù Keje àti Ìkẹjọ, kí jéró tó jáde. Ọ̀nà kì í sì í ṣojú rere láwọn àsìkò wọ̀nyí. Yìnyín ń dí àárín òkè nígbà òtútù. Nígbà òjò, láti Oṣù Kẹfà dé Ìkẹsàn-án, ara òkè ń ya lulẹ̀ sórí títì, ìkùukùu sì ń bo Simikot, olú-ìlú Humla, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà 3,000, tí bàálù kò fi ní í rí ibi balẹ̀ sí fún ọjọ́ gbọọrọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe lébìrà ní Íńdíà nígbà òtútù: ẹnu tó ń jẹun nílé á dín, owó díẹ̀ á sì bá wọn padà.

Kí bàálù tó dé, wọ́n ti ní ọgbọ́n mìíràn. Àwọn ará Humla ń gbé ọkà gòkè lọ fi gba iyọ̀ ní Tibet, wọ́n á di iyọ̀ náà sínú àpò kéékèèké sẹ́yìn àgùntàn àti ewúrẹ́, wọ́n á sì da agbo ẹran náà lọ sí gúúsù, níbi tí iyọ̀ ti wọ́n tí ọkà sì pọ̀. Ohun tí oko wọn kò lè pèsè, èrè òwò yìí ló ń dí i. Díẹ̀díẹ̀ ló bàjẹ́. Lẹ́yìn rúkèrúdò ọdún 1959, Ṣáínà di ẹnubodè Tibet mú gírígírí. Iyọ̀ Íńdíà tó dín lówó gba ọjà gúúsù. Nígbà tí àwọn abúlé ìsàlẹ̀ sì gba àkóso igbó wọn, wọn ò fẹ́ kí ẹran àlejò máa jẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ibi tí òwò yẹn ṣí sílẹ̀ ni ìrẹsì ìjọba jókòó sí. Lọ́dún 1974 ni wọ́n dá Nepal Food Corporation sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ìrẹsì ní ẹ̀dínwó fún àwọn àgbègbè tó jìnnà. Níbi tí mọ́tò kò dé, owó bàálù máa ń ju owó ìrẹsì inú rẹ̀ lọ. Olú-ìlú àgbègbè ló sì ń balẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò, nígbà tí ẹni tí ebi ń pa jù wà ní abúlé tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan tàbí méjì síbẹ̀. Jagannath Adhikari, tó kọ odidi ìwé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ Karnali lọ́dún 2008, fi hàn pé ìlànà ìjọba fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó sọ agbègbè náà di atọ́wọ́gbà.

Ìrẹsì ọ̀hún sì gbé iyì dání. Òun ni oúnjẹ àlejò, òun ni oúnjẹ olówó, jéró wá di ohun tí tálákà ń jẹ tí kì í fẹ́ kí ojú rí. Ẹni tó bá rántí ìgbà tí ìrẹsì òkèèrè lé ọ̀fadà kúrò nínú ìkòkò wa kò ní béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kodo tí wọ́n ń tì sẹ́yìn yìí ní èròjà tó ń mú eegun le ju ti ìrẹsì funfun lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá ó lé, ó sì ṣeé tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí kòkòrò tó rí i gbé ṣe. Fún ibi tí ebi ti ń dé lóṣù tí a mọ̀, mi ò rí ìwà tó tún yẹ ká máa wá lára ọkà ju ìyẹn lọ.

Àmọ́ àwọn kan á sọ pé ìrẹsì làwọn ará Karnali fẹ́, ta ni yóò wá ní kí wọ́n padà sí jéró? Ìbéèrè gidi ni, odó ni ìdáhùn rẹ̀ sì wà. Hóró chino kéré, ó ń dán, èèpo rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Obìnrin á sá a sóòrùn, á dà á sódó, á gún un, á fẹ́ ìyàngbò kúrò, á ṣa èyí tí kò tíì bó padà sínú odó, á tún gún un, á tún fẹ́ ẹ. Obìnrin yìí kan náà ló ń ṣẹ́gi, tó ń pọnmi, tó ń roko nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní Íńdíà. Bó bá rí ìrẹsì tí wọ́n ti bó tán, ó yẹ kó yàn án. Kì í ṣe ahọ́n rẹ̀ nìkan ló yàn án, apá rẹ̀ náà dá sí i. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn Nepal ti gbé ẹ̀rọ kéékèèké jáde tó ń pa jéró tó sì ń bó o. Títí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á fi dé gbogbo abúlé, ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ohun tó wù wọ́n jẹ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn mìíràn ní títì ni òògùn rẹ̀. Títì tó lọ láti Surkhet ní ìsàlẹ̀ dé Jumla, kìlómítà 232, ti ń gbé mọ́tò láti bí ọdún 2007. Ó mú kí ápù Jumla rí ọ̀nà dé ọjà, ó sì mú kí owó ìrẹsì wálẹ̀. Ohun rere ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n òjò ń já títì náà ní oṣù tí àká ṣófo, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì ra ọkà òkè, ìrẹsì àti núdù ni títì á máa gbé gòkè wá.

Èyí tó wúwo jù nínú àríwísí ni ti ilẹ̀. Oko pọ̀ tí irè rẹ̀ kò lè bọ́ ilé kan fún ọdún kan, ìdílé Dalit tí wọ́n ti fi sípò ìsàlẹ̀ láti ìrandíran kò sì ní ju etí ilẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Àká tó kún kò wúlò fún ẹni tí kò ní owó tí yóò fi rà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí iṣẹ́ ìjọba, títì lílà tàbí ọ̀nà omi oko, bọ́ sí àwọn oṣù ebi, kí wọ́n sì fi owó tàbí ọkà agbègbè náà san án. Ara àwọn ọmọdé ni ebi yìí ti ń hàn: àyẹ̀wò ìlera ọdún 2016 rí i pé ju ìdajì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Karnali ni ìdàgbàsókè wọn ti fà sẹ́yìn. Nígbà tó fi di 2022, ó ti dín sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó ń yí padà, ó kàn ṣì burú ju ti ọ̀pọ̀ ibi ní Nepal lọ.

Òfin ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ ti wà ní Nepal láti ọdún 2018. Bí ìjọba bá fẹ́ mú un ṣẹ ní Humla, kó ra kodo àti chino lọ́wọ́ àgbẹ̀ nínú Oṣù Kẹwàá, nígbà tí kò tíì wọ́n, kó kó o sí àká nínú abúlé, kó sì tà á níbẹ̀ ní ẹ̀dínwó láti Oṣù Kẹta. Kí ìrẹsì bàálù wà fún ọdún tí yìnyín tàbí ọ̀dá bá ba oko jẹ́. Owó bàálù ti ọdún tó dára, ẹ̀rọ tó ń bó chino ni kí wọ́n fi rà.