Fíúsì Kì í Jó Lásán

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni iná dé sí àdúgbò wa ní Festac, tó ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tó tún ń wálẹ̀. Kí n tó dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n ti dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí 23 Road, nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ìjọba kọ́ de àlejò àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977.

"Ẹ gbé e kalẹ̀, sà," ni ọ̀gá oníṣẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká bi í léèrè ohun tó ń ṣe é."

Míta ni wọ́n nawọ́ mú. Donald Macadie, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kó míta mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan tó dé ọjà lọ́dún 1923. Títí dòní, òun ni ojú oníṣẹ́ iná.

Wọ́n tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìdí kàpásítọ̀ ńlá tó rí bí agolo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹnu míta sí. "Iná 230 volt tó bá kọjá dáyóòdù, á di nǹkan bí 325 nínú èyí. Ẹ lè ti yọ púlọ́ọ̀gì tipẹ́, kó ṣì wà níbẹ̀." Míta ka 46. Wọ́n fi gílóòbù fà á títí tó fi di òdo.

Ó wá kan fíúsì. Wọ́n yí míta sí ibi tó ń ké, wọ́n gbé wáyà pupa àti dúdú lé e lórí-nídìí. Kò ké. Gíláàsì rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ṣé kí n mú tuntun wá, ọ̀gá?" ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bèèrè.

"Ta ló pa èyí?"

Ọmọ náà dákẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kó sínú ewu. Bí fíúsì bá ti jó, a ó fi òmíràn sí i, tàbí ká tiẹ̀ fi wáyà dì í, kí iná lè ríbi kọjá lọ jó bọ́ọ̀dù, bóyá ilé pẹ̀lú. Aṣọ́nà ni fíúsì. Ẹni tó bá bá òkú aṣọ́nà lẹ́nu ọ̀nà, olè ló yẹ kó máa wá.

Dáyóòdù mẹ́rin tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni dáyóòdù tó pé máa ń jẹ́ kí iná gbà. Wáyà dúdú lọ sí ìdí tó ní ìlà, pupa sí èkejì: 0.54. Wọ́n pààrọ̀ wáyà: OL, kò sọ́nà. Èkejì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta náà. Ẹ̀kẹrin ní tirẹ̀ ké pèèè, síwá sẹ́yìn, òdo ni.

Síbẹ̀, wọn ò tíì dá a lẹ́bi. Wọ́n yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò lára bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó tún un wọ̀n, nítorí iná lè gba ọ̀dọ̀ aládùúgbò kọjá, kí míta sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi résísítọ̀ kan hàn mí, tí àwọ̀ rẹ̀ sọ pé 47,000 ohm ni: lórí bọ́ọ̀dù, 31,000 ni míta kà, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò, 46,800. Dáyóòdù ní tirẹ̀ ṣì ń ké. Òun lolè.

Wọ́n wo tiransísítọ̀ ńlá tó wà níwájú, kò ké. Wọ́n mú dáyóòdù tuntun látinú dúrọ́ọ̀, 1N5408, tó lè gbé ampere 3 àti 1,000 volt. Ọjà Alaba ni wọ́n ti rà á. Wọ́n wọn òun náà kí wọ́n tó jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

Wọ́n fi fíúsì tuntun sí i, wọ́n wá so gílóòbù 100 watt sójú ọ̀nà iná. Bó bá mọ́lẹ̀ tí kò wálẹ̀, olè ṣì kù nínú ilé. Ó kọ yẹ̀rì, ó sì rẹlẹ̀. Míta ka 302 lórí kàpásítọ̀. Iná pupa kékeré iwájú tẹlifíṣọ̀n tàn.

Wọ́n fi òkú dáyóòdù náà lé mi lọ́wọ́. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Nítorí rẹ̀, ẹlòmíràn ì bá ní kí n ra odindi bọ́ọ̀dù.

Bí mo ṣe ń sanwó lọ́wọ́, obìnrin kan gbé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ wọlé. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló tú u. Kò wo fíúsì rárá. Ó gbé míta, ó sì gba ìdí kàpásítọ̀ lọ.