Prado tuntun: ojú rẹ̀ wu aráyé, àmọ́ ta ni yóò máa tún un ṣe?

Láti ìgbà tí Toyota ti fi jíìpù Land Cruiser 250 han aráyé ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn èèyàn ò tíì yé sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Òun ló rọ́pò Prado tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 2009. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, Prado náà ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ìrísí rẹ̀ lọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dá lé. Ó rí bí àpótí, bíi ti àwọn Land Cruiser àtijọ́. Iná iwájú rẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì, roboto àti onígun mẹ́rin, roboto sì ni àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ń wá. Àwọn mìíràn ní ó ti tóbi jù. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 10 gùn ju èyí tó rọ́pò lọ, ó sì fi bíi 10 fẹ̀ jù ú. Lójú ọ̀nà oko ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀, níbi tí ọkọ̀ méjì ò ti lè pàdé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Amẹ́ríkà ni ariwo ti pọ̀ jù. Land Cruiser ńlá tí wọ́n tà níbẹ̀ títí di 2021 ní ẹ́ńjìnnì V8, owó rẹ̀ sì lé ní 85,000 dọ́là. Nígbà tí ti ìsinsìnyí jáde ní 2024, owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 56,000, ṣùgbọ́n sílíńdà mẹ́rin péré ló ní, pẹ̀lú mọ́tò oníná tó ń ràn án lọ́wọ́. Ìlà ìjókòó kẹta ò sí níbẹ̀ mọ́. Inú àwọn kan dùn pé owó wálẹ̀. Àwọn kan ní Land Cruiser tí kò lè kó èèyàn méje, kí ló kù tó fi ń jẹ́ Land Cruiser?

Èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì tún wà, lítà 2.8, agbára ẹṣin 204, gíà mẹ́jọ tó ń yí ara rẹ̀.

Ní tèmi, bọ́ńpà iwájú ló wù mí jù. Wọ́n pín in sí abala abala, tó fi jẹ́ pé bí igun kan bá gbá kùkùté, igun yẹn nìkan lèèyàn yóò pààrọ̀. Bọ́tìnnì kan tún wà tó ń tú irin tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀, kí taya kọ̀ọ̀kan lè wọ kòtò tirẹ̀. Ẹni tó ti bá ọ̀nà ẹrẹ̀ jà nígbà òjò mọ ohun tí mò ń wí.

Àmọ́ iná ló ń mú bọ́tìnnì yẹn ṣiṣẹ́. Sítíárì náà ti di oníná, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn nínú Land Cruiser. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí. Mẹkáníìkì abẹ́ igi tó ń fi etí lásán mọ àìsàn Prado àtijọ́ kò lè fi etí mọ ti kọ̀ǹpútà. Àfi kó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Kùtọ̀nú wọlé sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ń rà, kì í ṣe tuntun. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra èyí bi mẹkáníìkì rẹ̀ léèrè kó tó san kọ́bọ̀.

Toyota ò tíì pa Land Cruiser 70 tì, èyí tó ti wà láti 1984, tí àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn àjọ ń gùn lọ sí abúlé. Wọ́n tún ojú òun náà ṣe ní 2023, ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà kan, wọ́n ṣì ń tà á pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lítà 4.2 àti gíà ọlọ́wọ́. Kò yára, kò sì rọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn lára. Mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ tinú tòde rẹ̀.